Ohùn Ẹni Nínú Fóònù

Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá ní Peckham, ní gúúsù ìlú London. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn pa kí àbúrò rẹ̀ má baà gbọ́ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó gbé fóònù sún mọ́ ẹnu, ó sì sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó ti ń pè lábẹ́ èémí láti ìrọ̀lẹ́: "Màmá, ṣé ẹ ti sùn?"

Kò pẹ́ tí èsì fi dé láti Abẹ́òkúta. Ẹ̀rín ló ṣáájú ọ̀rọ̀. "Ìyá mi, kí n sún lọ síbo? Èmi nìkan ni mo kúkú wà lórí ibùsùn."

Èsì náà ò yé e. Ó tún ohùn tó fi ránṣẹ́ gbọ́. Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló tó gbọ́ ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ gbọ́. Bí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń gbé ohùn sókè bí wọ́n bá ń béèrè ọ̀rọ̀ ló ṣe gbé tirẹ̀ sókè. "Sùn" tó yẹ kó lọ sílẹ̀ ti gòkè, ó ti di "sún". Ó fẹ́ mọ̀ bóyá oorun ti gbé Màmá lọ. Ohun tó dé etí Màmá ni pé ṣé wọ́n ti sún fún ẹlòmíràn lórí ibùsùn.

"Kí n tó fi ránṣẹ́, mo lè búra pé bí Màmá ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe sọ ọ́," ni ọmọbìnrin náà wí. "Etí mi ò tiẹ̀ fura."

Àwọn tó ń ṣe bíi tirẹ̀ ti pọ̀ lóde òní. Ẹni tó ń kọ́ Yorùbá ní Houston, nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ èdè Jámánì ní Ìkẹjà, ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ́ Faransé kó lè máa ṣòwò dé Kútọnu: wọ́n ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù, wọ́n ń tẹ́tí sí i, wọ́n sì ń tún un sọ. Àwọn olùkọ́ mìíràn ti sọ ọ́ di iṣẹ́ àṣetiléwá. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kò lè fara dà á kọjá ọjọ́ kìn-ín-ní.

Ohùn ta nìyí?

Ohùn fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lé wọn sá. Ẹni tó bá gbọ́ ara rẹ̀ nínú ẹ̀rọ nígbà àkọ́kọ́ a fajú ro, a ní: "Ṣé báyìí ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀?" Kó tó dákẹ́, ó ti pa á rẹ́.

Ọ̀rọ̀ egungun ni. Ọ̀nà méjì ni ohùn ẹni ń gbà dé etí ẹni. Ọ̀kan ń gba inú afẹ́fẹ́, bó ṣe ń dé etí ẹni tó dúró tini. Èkejì ń gba inú egungun agbárí wọ etí inú lọ, egungun yìí sì máa ń gbé ìró tó rinlẹ̀ dáadáa ju ìró tó ròkè lọ. Àpapọ̀ méjèèjì la mọ̀ sí ohùn wa. Fóònù ò ní agbárí. Èyí tó gba inú afẹ́fẹ́ nìkan ló ń rí gbà. Ìdí nìyẹn tí ohùn inú ẹ̀rọ fi máa ń tínrín lójú ẹni tó ni ín. Àwọn ará ilé ò rí ohun àjèjì kankan níbẹ̀, torí ohùn tí wọ́n ti ń gbọ́ láti ọjọ́ tó ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Lọ́dún 1966, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Philip Holzman àti Clyde Rousey, kọ̀wé lórí ìjayà yìí. Wọ́n ní ó ju ọ̀rọ̀ egungun lọ. Bí ènìyàn bá ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ padà, ó ń gbọ́ àwọn nǹkan tí kò mọ̀ pé òun ń tú síta: ẹ̀rù, ìkánjú, iyèméjì. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n yẹ àwọn tó gbọ́ èdè méjì wò. Láàárín àwọn tó ti lé ní ọmọ ọdún 16 kí wọ́n tó kọ́ èdè kejì, ohùn wọn nínú èdè àbínibí ló dà wọ́n láàmú ju ti èdè àkọ́kún-tẹni lọ.

Ó yẹ kí òbí tó ní ọmọ lókè òkun ro èyí dáadáa. Yorùbá jẹ́ èdè tuntun lẹ́nu irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni èdè tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, tí wọ́n fi ń kì í, tí ìyá rẹ̀ fi ń bú u bó bá ṣẹ̀. Òyìnbó tó ń kọ́ Yorùbá lè ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kó rẹ́rìn-ín, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Bí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣi í sọ, ohun tó ń dé etí rẹ̀ ni pé òun kì í ṣe ọmọ ilé tán. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó yára pa ohùn náà rẹ́.

Etí tó ti yan ọ̀nà tirẹ̀

Bí a bá ti gbà pé ohùn inú fóònù kì í ṣe àbùkù, ìbéèrè tó kù ni pé kí ló dé tí etí ò fi gbọ́ àṣìṣe náà nígbà tí ẹnu ń sọ ọ́.

Ìdáhùn kan ti pẹ́. Lọ́dún 1984, Janet Werker àti Richard Tees tẹ àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Kánádà jáde. Wọ́n rí i pé ọmọ ọwọ́ tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé rẹ̀, lè mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn ìró Hindi tí àgbàlagbà elédè Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà gbọ́. Kí ọmọ náà tó pé ọdún kan, òye yẹn ti ń fi í sílẹ̀. Etí ti mọ ohun tí wọ́n ń lò nílé, ó sì ti ta ìyókù dànù.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìgbéga àti ìrẹ̀sílẹ̀ ohùn ń sọ bí inú ènìyàn ṣe rí: ó ń béèrè ni, ó yà á lẹ́nu ni, àbí ó ń bínú. Nínú Yorùbá, ara ọ̀rọ̀ gan-an ni ohùn wà. Ọmọ tó fi etí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ Yorùbá á gba ohùn mọ́ ìṣesí, kò ní í kà á kún ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Peckham fi lè búra.

Ọ̀rọ̀ náà ò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ òkè òkun. Nọ́ọ̀sì kan ní Ìkẹjà, tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò èdè Jámánì kó lè lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì, sọ pé inú máa ń bí òun sí olùkọ́ wọn. "Wọ́n á ní kí n sọ 'Arbeit'. Màá sọ ọ́. Wọ́n á ní kí n tún un sọ. Màá ní, ẹ̀yin Tíṣà, mo ti sọ ọ́ ná! Ọjọ́ tí mo gbà á sínú fóònù ni mo tó gbọ́ pé 'ábáìtì' ni mò ń sọ."

Kò sí àrà tó dá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í parí sórí kọ́ńsónáǹtì, nítorí náà ahọ́n Yorùbá máa ń wá fáwẹ̀lì kan fi dí ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni búrẹ́dì, bọ́ọ̀lù àti tábìlì ṣe wọlé sọ́dọ̀ wa. Etí nọ́ọ̀sì náà ti bá fáwẹ̀lì yẹn gbé títí kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kan ní Ìbàdàn fi ìdí mìíràn kún un. Ó ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè ò lè ráyè gbọ́ ara rẹ̀. "Ó ń wá ọ̀rọ̀, ó ń tò ó, ó ń wo ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ bóyá ó yé e, ẹ̀rù sì tún ń bà á. Etí wo ló kù? Bó bá gbà á sílẹ̀, ó ti pín iṣẹ́ náà sí méjì nìyẹn. Á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bó bá ṣe tán, á wá jókòó gbọ́."

Ọ̀mọ̀wé tó sọ ara rẹ̀ di akẹ́kọ̀ọ́

Ẹni tó fi ara rẹ̀ dánwò lórí ọ̀rọ̀ yìí tí ayé ìmọ̀ èdè ò gbàgbé ni Richard Schmidt, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ onímọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń kọ́ èdè kejì. Ó lọ gbé ní Rio de Janeiro ní Bràsíìlì fún nǹkan bí oṣù márùn-ún, láìgbọ́ èdè Potogí tẹ́lẹ̀. Ó wọ kíláàsì fún ìgbà díẹ̀, ó bá àwọn ará ìlú ṣe wọléwọ̀de, ó sì ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, ó ń jókòó pẹ̀lú Sylvia Frota, ọmọ Bràsíìlì tí òun náà jẹ́ onímọ̀ èdè, wọ́n ń fọ̀rọ̀ wérọ̀ ní Potogí, ẹ̀rọ sì ń gbà á sílẹ̀. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, téèpù ń pọ̀ sí i. Àwọn méjèèjì tú ohun tó wà nínú téèpù wò, wọ́n fi í wé ìwé àkọsílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1986.

Nǹkan méjì ló jáde níbẹ̀ tó kan akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo. Èkíní, àwọn ìlò èdè tó wọ Schmidt lẹ́nu sábà máa ń jẹ́ èyí tó ti kọ sínú ìwé rẹ̀ pé òun gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Èyí tí kò ṣàkíyèsí, bí wọ́n tilẹ̀ ń sọ ọ́ létí rẹ̀ lójoojúmọ́, kì í sábà wọlé. Èkejì, àwọn àṣìṣe kan wà tí àwọn ènìyàn ti ń bá a tún ṣe ní gbogbo ìgbà, tí kò sì mọ̀ rárá pé wọ́n ń tọ́ òun sọ́nà. Ó rò pé ìjíròrò lásán ni.

Láti ibẹ̀ ni Schmidt ti gbé èrò tó fi di olókìkí kalẹ̀ ní 1990: pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ò bá fi ọkàn kíyè sí nínú èdè kì í di tirẹ̀.

Ní Toronto, Merrill Swain ti gba ọ̀nà mìíràn dé ibi tó jọ ọ́ ní 1985. Àwọn ọmọ elédè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fi Faransé kọ́ níléèwé ló yẹ̀ wò. Ọdún ń gorí ọdún, wọ́n ń gbọ́ Faransé látàárọ̀ dọ̀sán, òye rẹ̀ sì yé wọn dáadáa. Bí wọ́n bá la ẹnu, àbùkù ṣì pọ̀ níbẹ̀. Swain ní gbígbọ́ nìkan ò tó. Ìgbà tí ènìyàn bá gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ ló tó ń rí ibi tí òun ò tíì mọ̀.

Inú ilé Yorùbá lókè òkun kún fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá wọn sọ Yorùbá, wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. "Mò ń gbọ́ ọ o, n ò kàn lè sọ ọ́ ni." Ọ̀pọ̀ wọn ò tíì gbọ́ ara wọn rí kí wọ́n tó ṣe ìdájọ́ yẹn.

Láti àwo dé fóònù

Kì í ṣe òní ni ẹ̀rọ ti ń gba ohùn. Lọ́dún 1877 ni Thomas Edison ti ṣe èyí tó gba ohùn tó sì tún un sọ jáde. Fún ìgbà pípẹ́, ohùn àwọn tó ti gbọ́ èdè dénú ni wọ́n sábà ń gbà. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin Yorùbá tó lé ní ogójì sínú àwo ní London fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ní 1940 sí 1941, Lorenzo Dow Turner, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ onímọ̀ èdè, gbé ẹ̀rọ lọ sí Bahia ní Bràsíìlì, ó sì gba ohùn àwọn tí Yorùbá àwọn baba ńlá wọn ṣì wà lẹ́nu wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ohùn tirẹ̀ nínú gbogbo èyí. Tirẹ̀ ni kó gbọ́.

Ilé ẹ̀rọ ìkọ́dè ló yí i padà. Lẹ́yìn tí Sófíẹ́tì ju sátẹ́láìtì Sputnik sókè ní 1957, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan ní 1958 tó da owó sí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti èdè. Ọ̀pọ̀ iléèwé ra ẹ̀rọ téèpù. Ohùn olùkọ́ á wà lójú ọ̀nà kan lára téèpù, akẹ́kọ̀ọ́ á gba tirẹ̀ sí ojú ọ̀nà kejì, á sì máa fi méjèèjì wéra. Yorùbá náà wà nínú ètò yẹn: ní 1963, iléèwé tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní èdè gbé ìwé ẹ̀kọ́ Yorùbá jáde pẹ̀lú téèpù rẹ̀, Earl Stevick àti Olaleye Aremu ló ṣe é.

Ètò náà ò pẹ́ tó fi rẹ̀ àwọn ènìyàn. Ẹ̀rọ ń bàjẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì sú ọmọ: gbólóhùn kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láìsí ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún. Ohun tí fóònù wá mú wá kọjá pé ó rọrùn láti gbé kiri. Lónìí, ẹnìkan wà ní ìkángun kejì tó ń dúró de ohùn náà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Olùkọ́bìnrin kan tó ti kọ́ ọ̀pọ̀ àjèjì ní Yorùbá ní Ìbàdàn ní òun kì í jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. "Bó bá gùn, kò ní í padà gbọ́ ọ. Èyí tí kò bá padà gbọ́, òfo ni."

Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wá ohùn ẹni tó gbọ́ èdè náà dénú, kó ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta lọ́wọ́. Kó sọ tirẹ̀ láìka á nínú ìwé. Kó wá tẹ́tí sí i, ohun kan ṣoṣo sì ni kó máa wá lẹ́ẹ̀kan: lónìí ohùn, lọ́la fáwẹ̀lì, lọ́tùn-únla ibi tó ti dúró mí. Ẹni tó bá ń wá gbogbo àṣìṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ìtìjú nìkan ni yóò rí.

Lẹ́yìn náà, á ní kí wọ́n pa ẹnu dé, kí wọ́n kùn gbólóhùn náà. "Màmá, ṣé ẹ ti sùn?" á di dò-mí-mí-re-re-dò. Wọ́n á gba kíkùn yẹn náà sílẹ̀, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíkùn olùkọ́. "Bí ọ̀rọ̀ bá ti kúrò níbẹ̀, etí wọn á ṣí. Ẹni tí kò gbọ́ pé òun gbé 'sùn' sókè á gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀ pé òun fi mí parí níbi tí olùkọ́ ti fi dò parí."

Àwọn tó fẹ́ fi ojú rí i máa ń lo Praat, ètò orí kọ̀ǹpútà tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Yunifásítì Amsterdam, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń fa ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ bí ohùn ṣe ń lọ.

Ohun tó kẹ́yìn ni kí wọ́n má pa á rẹ́. Ohùn oṣù kìn-ín-ní àti ti oṣù kẹfà ni olùkọ́bìnrin yìí máa ń gbé sílẹ̀ fún ẹni tó bá wá sọ fún un pé òun ò tẹ̀ síwájú. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹni tó ni imú kì í sì í sábà mọ̀ pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé.

Ibi tí agbára ẹ̀rọ mọ

Ẹ̀rọ kì í parọ́, àmọ́ kì í kọ́ni. Ẹni tó bá ń gbọ́ ara rẹ̀ nìkan láìní ohùn mìíràn tí yóò fi wé e, àṣìṣe rẹ̀ ni yóò máa há sórí. Àwọn mìíràn gbára lé fóònù tó ń sọ ọ̀rọ̀ di ìwé: bó bá ti kọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn, wọ́n gbà pé àwọn ti sọ ọ́ dáadáa. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń fi ọ̀rọ̀ tó yí i ká méfò. Ó lè tún ohùn tó wọ́ ṣe fún ènìyàn láìwí nǹkan kan.

Ohun mìíràn wà tí ẹ̀rọ ò mọ̀ rárá. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní Houston fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀: "Màmá, ṣé o ti jẹun?" Kò sí ohùn kankan tó ṣì níbẹ̀. Ìlà inú kọ̀ǹpútà á dára. Gbogbo ilé ló sì dìde, pé ta ló ń pe Màmá ní "o"?

Ẹ̀rín ilé

Ìyẹn ló gbé wa dé ibi tí bàtà ti ń ta àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀ jù. Nínú àwọn ọmọ òkè òkun tí a bá sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó ní fóònù ló lé òun sá kúrò nídìí Yorùbá. Ẹ̀rín ni wọ́n dárúkọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá tó ń sín wọn jẹ níbi ìsọmọlórúkọ. Àǹtí tó gba ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́, tó sì tún fi í ránṣẹ́ sínú gbọ̀ngán ẹbí lórí fóònù kí gbogbo ayé lè bá a rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ṣe é fún mi," ni ọkùnrin kan tó ń gbé ní Manchester wí. "Mo ti di bàbá ọmọ báyìí, n ò tíì tún sọ Yorùbá níwájú wọn."

Kì í ṣe pé ìfẹ́ ò sí nínú ẹ̀rín náà. Èyí tí Màmá Abẹ́òkúta rín, ìdùnnú ló wà nídìí rẹ̀, ìdáhùn sì tẹ̀ lé e. Ohun tó ń dunni ni ẹ̀rín tí kò ní ìdáhùn, àti ohùn tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fi rán an sí.

Ohun tí àgbà lè ṣe kò le. Bí ọmọ bá fi ohùn ránṣẹ́, kí wọ́n fi ohùn dá a lóhùn. Kí wọ́n tún gbólóhùn rẹ̀ sọ bó ṣe yẹ, ní pẹ̀lẹ́, kí wọ́n tó fèsì sí ohun tó béèrè: "Ṣé mo ti sùn? Rárá o, mi ò tíì sùn." Ọmọ ti ní ohun tí yóò fi tirẹ̀ wé. Bó bá gbọ́ méjèèjì tẹ̀ léra, ó ṣeé ṣe kó má nílò àlàyé mìíràn. Kí wọ́n má sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ó gbà bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ yẹn ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò sì ná ẹnikẹ́ni ju dátà díẹ̀. Ẹni tó bá ń ké kiri pé èdè Yorùbá fẹ́ parun, tó sì ní ọmọ àbúrò kan lókè òkun tí ohùn rẹ̀ wà nínú fóònù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá láìrí èsì, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.